Fẹ́ǹsì Tí Mo Mọ Sórí Ilẹ̀ Martine

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ariwo kù, ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n kún ilẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Nkololoun, ládùúgbò wa ní Douala yìí, ẹ mọ èmi Kàbírátù sí Ìyá Husnah tó ń ta aṣọ ní Marché Central, ẹni tí ẹ máa ń pè kó wá parí ìjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olè ni mí. Ilẹ̀ ni mo jí. Mo ti gbé e pamọ́ sínú láti ọdún ville morte, ọdún tí wọ́n ti ìlú pa, títí di àná, mi ò sì ní gbé e dé Mẹ́kà tí mò ń lọ yìí. Husnah, máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí Faransé fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, má sì bù ú kù nítorí pé ìyá rẹ ni mí.

Ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí nígbà náà ò lè mọ bí ìlú ṣe rí. Iṣẹ́ ti dá, àwọn olóṣèlú sì ní kí gbogbo èèyàn ti ṣọ́ọ̀bù pa. Takisí kì í rìn, ọjà kì í ṣí àfi ní òpin ọ̀sẹ̀. Bùsàrí ọkọ mi ti lọ sí Èjìgbò, kò rí ọ̀nà padà. Aṣọ tí mi ò rí tà kún yàrá mi débi àjà, èéfín ẹja Martine ló wá ń bà wọ́n jẹ́. Martine, aládùúgbò mi, ọmọ Bassa, máa ń ra ẹja ní Youpwè létí omi, á wá yan án lórí ààrò lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Kò sí nǹkan kan láàrin wa nígbà yẹn ju okùn ìsáṣọ lọ. Oníbàárà kan gbóòórùn àǹkárá mi, ó ní, “Ìyá, ṣé aṣọ lẹ̀ ń tà ni àbí ọbẹ̀?” Inú bí mi. Mo ní mà á mọ fẹ́ǹsì dí èéfín náà.

Kí n má parọ́, mo mọ òfin. Mo ti lọ bèèrè ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kí wọ́n tó ti ìlú pa, nígbà tí mo kọ́kọ́ ń ro àtikọ́ yàrá kan kún ilé mi. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi sùúrù sọ ọ́ fún mi: kí n gba ìwé àṣẹ, kí aládùúgbò mi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta okùn wọn ilẹ̀, kí fẹ́ǹsì má kọjá borne, kí n sì má dí ojú àgbàrá. Borne ni òpó sìmẹ́ńtì kékeré tí wọ́n ń rì sí ààlà ilẹ̀. Mo ní, “Oui, oui, monsieur.” Mo délé, mo wo borne, mo rí i pé bí mo bá tẹ̀lé òfin, mi ò ní ráyè kọ́ yàrá tí mo fẹ́ máa kó aṣọ sí. Mi ò ní dá Ṣàítánì lẹ́bi. Ojú ara mi ló wọ ilẹ̀ onílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Martine gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó ní òun ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Youpwè, òun á dúró lọ́dọ̀ àbúrò òun títí takisí á fi rìn. Ó ní, “Mama Kabira, abeg, bá mi wo ilé mi.” Mo ní kó má ṣèyọnu, ojú mi wà níbẹ̀. Ojú mi wà níbẹ̀ lóòótọ́! Bó ṣe yí kọ́nà, mo ránṣẹ́ pe Yẹ̀kínnì, bíríkìlà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, mo nàka sí borne.

“Hú u, kí o lọ rì í sí ìdí ààrò yẹn.”

Yẹ̀kínnì wò mí. “Màmá, ta ló ni ààrò yẹn?”

“Ṣé èmi ni mo gbéṣẹ́ fún ọ ni, àbí ààrò?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ọ̀nà àgbàrá ńkọ́? A ó dí i o.”

“Ṣé òjò ń rọ̀ ni?”

Ẹ̀rín ń pa yín. Ó ń pa èmi náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n ni mo rò pé mo gbọ́n. Kò sí òṣìṣẹ́ mairie tó lè wá wò ó. Kí Martine tó dé, fẹ́ǹsì ti ga ju orí èèyàn lọ, ó sì ti jẹ ibi tó gba ẹní méjì nínú ilẹ̀ rẹ̀.

Ó dé, ó dúró, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. “Mama Kabira, ó jọ pé fẹ́ǹsì yìí wọ ọ̀dọ̀ mi díẹ̀.” Mo ní, “Borne nìyẹn, Martine. Ṣé borne máa ń rìn ni?” Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá erùpẹ̀ orí borne kúrò, ó ní bó bá jẹ́ ohun tí borne wí nìyẹn, kò sí ìjà. Ó fún ààrò rẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ kan. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ nínú èéfín tí kò ráyè jáde mọ́, èmi ń ká aṣọ mi.

Òjò oṣù kẹjọ dé. Ẹ mọ òjò Douala. Omi tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi lọ sí gọ́tà ńlá kò rọ́nà mọ́. Ọ̀sán ni, mo wà ní yàrá pẹ̀lú Husnah tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Omi wọlé, ó dé orúnkún, ó dé itan. Mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí, omi ìta ti tì í pa. Mo gbé ọmọ mi gun orí ìdì àǹkárá, mo ń pariwo, “Martine o! Martine!” Ẹ gbọ́ orúkọ tí mo pè.

Martine gbọ́. Òun àti Jonah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àáké àti irin, wọ́n dojú kọ fẹ́ǹsì. Nígbà tó wó, omi ya wọ àgbàlá Martine, ó gbé ààrò rẹ̀ lọ, ó gbé ẹja lọ. Jonah fọ́ ilẹ̀kùn, Martine gba Husnah lọ́wọ́ mi, ó wé e sínú aṣọ ara rẹ̀. Husnah, má sunkún, máa túmọ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́jọ́ kejì, Martine dé ẹnu ọ̀nà mi, ó gbé abọ́ ẹja díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́. Ó ní, “Mama Kabira, pardon. Mo wó fẹ́ǹsì rẹ, mi ò sì bi ọ́ kí n tó wó o.” Ó wá bẹ̀ mí! Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ òótọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo mí kanlẹ̀ bí ẹni ńlá, mo gba ẹja, mo ní, “Kò burú, Martine. Mo ti foríjì ọ́.” Èmi! Mo ní kí Yẹ̀kínnì wá tún un mọ, ó kọ̀, ó ní èyí tí òun ṣe ti tó òun. Jonah ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un mọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fi ihò sílẹ̀ fún omi, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló mọ ọ́n sí, lórí ilẹ̀ àbúrò rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni èmi àti Martine ti dọ̀rẹ́. Ó bá mi sunkún nígbà tí Bùsàrí kú, mo bá a gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àfáà Mọ́rúfù sọ fún àwa tá à ń lọ hájì pé ká dá ohun olóhun padà ká tó wọ bàálù. Mo ní, “Àfáà, bó bá jẹ́ fẹ́ǹsì ńkọ́?” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Àfáà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá Husnah, ẹ lọ bá ẹni tó ni ilẹ̀.”

Àná ni mo lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni Martine bi mí: “Ọjọ́ tí mo gbé ẹja wá, o mọ̀?” Mo ní mo mọ̀. Ó dìde, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ti lọ nìyẹn.

Ní àárọ̀ yìí ni mo gbọ́ gbì, gbì. Mo jáde, mo bá Martine, ó fi gèlè di ikùn, ó ń fi òòlù wó fẹ́ǹsì. Jonah jókòó sórí àga, ó ń fi ọ̀pá júwe ibi tó máa gbá. Martine ní, “Lọ́jọ́sí mo wó o, mo bẹ̀ ọ́. Lónìí mi ò bẹ ẹnì kankan.” Mo kúnlẹ̀ nínú eruku. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ dáadáa, kó tó na òòlù sí mi: “Dìde. Ìwọ náà wó o.” Mo gbé òòlù, mo fi gbá a. Búlọ́ọ̀kù kò mì, èmi ni mo ṣubú. Martine bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó tì mí nílẹ̀. Ó pẹ́ tí ara mi ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ fẹ́ǹsì, ẹ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ pe aládùúgbò yín kó wá di orí okùn kejì mú. Bí ojú bá ń tì yín láti pè é, ẹ má mọ ọ́n. Ẹ foríjì mí o. Yẹ̀kínnì, níbikíbi tí o wà, foríjì mí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu dá mi lóhùn. Ọ̀la ni Martine fẹ́ mọ ààrò rẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, àfọ́kù sì kún ibẹ̀. Ẹni tó bá ti foríjì mí, kó gbé búlọ́ọ̀kù kan dání bó bá ń jáde. Martine ti gbé tirẹ̀. Òun ló wà níwájú yẹn, tó ń kọrin.