Wọ́n Ní Mo Ti Gbéraga, Bẹ́ẹ̀ Ohùn Mi Ló Lọ

Ẹ bá mi pariwo halelúyà! Ẹ tún un ṣe, kó dé ojú títì! Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pariwo o, nítorí dókítà ò tíì gbà mí láyè láti pariwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí máíkì yìí sókè díẹ̀. Ẹ ṣé. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ìyìn ni fún Jésù! Ẹ ò lè mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe dùn tó lẹ́nu mi.

Èmi ni Ìyá Bọ́lá. Kánsẹ́lọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí sí. Kí n tó wọ òṣèlú, tíṣà ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé kan ní Ìjòkó. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ kéékèèké rí mọ̀ pé ariwo ni iṣẹ́ náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ṣàngó, ó sì máa ń sọ pé òun ń gbọ́ ohùn mi láti ẹnu iṣẹ́. Irọ́ ló ń pa. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ohùn yẹn ló sọ mí di kánsẹ́lọ̀. Nígbà tí àgbàrá ń wọ ilé àwọn èèyàn ládùúgbò wa, èmi ni mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí mò ń pe gbogbo wọn jáde ká lọ gbẹ́ gọ́tà. Àwọn èèyàn bá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi tíṣà yìí ránṣẹ́ sí káńsù. Kò ní jẹ́ kí wọ́n ráyè sùn níbẹ̀." Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. A ṣe gọ́tà, a tún afárá kékeré ṣe, a gba tiransifọ́mà. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ń bọ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú wa pè mí. Alága wa, bàbá jẹ́jẹ́ kan tí kì í bọ́ fìlà, ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ̀yin la fẹ́ fà kalẹ̀." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo délé, mo jó yí pálọ̀ ká.

Bẹ́ẹ̀, ohùn mi ti ń ha díẹ̀díẹ̀ o. Mo rò pé eruku ni. Ẹ̀yin náà mọ eruku ọ̀nà wa. Kálukú ń fún mi ní oògùn tirẹ̀. "Ẹ jẹ orógbó." "Ẹ mu omi gbígbóná àti oyin." Mo jẹ orógbó débi pé gbogbo oúnjẹ korò lẹ́nu mi. Ọ̀fun ò gbọ́. Lọ́jọ́ tí a dìbò abẹ́nú, tí mo wọlé, mo gba máíkì kí n dúpẹ́. Mo lanu. Afẹ́fẹ́ ló jáde! Mo tún lanu, afẹ́fẹ́ náà ni. Omi bọ́ lójú mi. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ayọ̀ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ẹkún ayọ̀!

Ọkọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà tó wò mí, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò sì fọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa. Ó fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wo inú ọ̀fun mi, ó ní, "Màmá, kókó kan ti hù síbi tí ohùn yín ti ń jáde. A ní láti yọ ọ́. A ó sì yẹ̀ ẹ́ wò, ká mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni." Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú. Dókítà ní, "Tí a bá yọ ọ́ tán, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí màá fi ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Kódà, wúyẹ́wúyẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́."

Ọkọ mi bi í pé, "Dókítà, ṣé ohùn yẹn máa padà?"

Dókítà wolẹ̀. Ó ní, "Ó lè padà, sà. Ó sì lè má padà."

Jésù o! Èmi tí wọ́n fẹ́ rán lọ máa sọ̀rọ̀ nítorí aráàlú!

Wọ́n yọ kókó náà. Èsì àyẹ̀wò dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ! Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọsibítù, ó ń dúpẹ́, nọ́ọ̀sì sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Dádì, ẹ dìde, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ibẹ̀ ni." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo rántí pé mi ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sókè.

A délé, Alága wá kí wa. Nígbà tó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde o. Bí àwọn ẹgbẹ́ kejì bá gbọ́, wọ́n á máa sọ kiri pé odi la fẹ́ rán lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ kàn máa bá wa rìn káàkiri, kẹ́ ẹ máa juwọ́. Àwa la ó máa sọ̀rọ̀." Ọkọ mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò fẹ́, àmọ́ ẹnu wo ni màá fi jiyàn?

Ibẹ̀ ni wàhálà gidi ti bẹ̀rẹ̀. Àwa Yorùbá, a mọ ara wa. Tí a bá kí èèyàn, a fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kó béèrè ọmọ, kó béèrè iṣẹ́, kó béèrè ìyá wa tára rẹ̀ ò yá lọ́jọ́sí. Ẹ̀rín lásán ò tó wa.

A lọ sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣàngó nígbà táwọn òṣìṣẹ́ ń jáde. Àwọn obìnrin tí mo kọ́ ọmọ wọn sáré wá bá mi: "Kánsẹ́lọ̀ wa! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Mo rẹ́rìn-ín. Mo tẹrí ba. Mo juwọ́. Ìyá Ṣẹ́gun wà nínú wọn, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ tí a jọ gbẹ́ gọ́tà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Kánsẹ́lọ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́." Mo tún rẹ́rìn-ín. Ló bá yíjú sáwọn tó kù: "Ẹ ò rí nǹkan! Wọn ò tíì dìbò o, ó ti ń juwọ́ sí wa bí ìyàwó gómìnà." Òmíràn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Madam don big." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ó dùn mí wọ eegun. Ọ̀rọ̀ náà sì tàn kálẹ̀: kò kí èèyàn mọ́, ó ti gbéraga. Ní ìlú wa níbí, olóṣèlú lè ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan kí wọ́n sì gbójú fò ó, àmọ́ ẹni tí kò bá ti jẹ́ ìkíni, ó tán. Àwọn tó ti ń bá wa lẹ pósítà ò yọjú mọ́. Mo rí i pé ìbò náà ti ń bọ́ lọ, orúkọ mi náà sì ń bá a lọ.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni Màmá, wọ́n sì ti dàgbà gan-an. Wọn ò fẹ́ràn òṣèlú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di kánsẹ́lọ̀, ohun tí wọ́n bi mí ni pé ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ọmọ àwọn. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ ṣe ìpàdé àwọn obìnrin ní pápá iléèwé ní Ìjòkó, wọ́n ní ẹsẹ̀ kò dun àwọn lọ́jọ́ yẹn, àwọn á bá wa lọ.

Alága di máíkì mú, ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ mi. Kò pẹ́ tí kíkùn bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀!" "Ṣé àwa ò tó ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Ìyá Ṣẹ́gun dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà. Àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e. Mo dìde dúró, omijé ń dà lójú mi, mi ò lè sọ nǹkan kan.

Ni Màmá bá dìde. "Alága, gbé nǹkan yẹn wá."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fara balẹ̀..."

"Mo ní gbé e wá!"

Ó gbé e fún wọn. Màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dúró. Ìyàwó mi ò gbéraga. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀fun, dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí ló ní ká má sọ fún yín." Alága fọwọ́ méjèèjì dí ojú. Màmá ò tíì parí. "Ẹ ní kò kí yín. Ó dáa. Èmi ni mo máa bá a kí yín." Wọ́n gbé máíkì sílẹ̀, wọ́n di àga mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Hàà! Ìyá àgbàlagbà, tó tó ìyá àgbà ọ̀pọ̀ wọn! Gbogbo pápá dàrú. "Èèwọ̀! Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" "Ẹ gbé wọn dìde o!" Àwọn tó ti dé ojú ọ̀nà sáré padà. Ìyá Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó fi eékún méjèèjì gúnlẹ̀ nínú iyanrìn, ó gbá wọn mú. "Ẹ dákun mà, ẹ má kúnlẹ̀ fún wa! Ṣé ẹ fẹ́ kí ayé wa dàrú ni?" Ó wá yíjú sí mi, òun náà ti ń sunkún: "Kánsẹ́lọ̀, ìwọ náà! Èmi náà ni o ń pa á mọ́ fún? O ò tiẹ̀ lè fọwọ́ júwe ọ̀fun rẹ fún mi?" Ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó kọjú sí èrò, ó kígbe pé, "Kánsẹ́lọ̀ ní ẹ kú ìjókòó o!"

Wọ́n dáhùn: "Òo!"

"Ó ní àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa!"

"Ó ní iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́!"

Ẹ̀rín sọ. Láti ọjọ́ náà, kò síbi tí mo dé tí obìnrin kan kì í bá mi kí èèyàn. Wọ́n tiẹ̀ ń kí ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀kan sọ fún báálé kan pé mo ní mò ń bọ̀ wá jẹ iyán nílé rẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀! Àmọ́ mo lọ, mo sì jẹ ẹ́.

A dìbò. Mo wọlé! Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Àmọ́ nígbà tí gbogbo ayé ń hó, mo lanu kí n kígbe halelúyà, kò sí ohun tó jáde. Dókítà ní, "Ọgbẹ́ ti jiná. Ẹ lè máa gbìyànjú báyìí." Ó ní kí n pa ẹnu dé, kí n máa kùn bí oyin. Mo kùn, mo kùn, èémí lásán ni. Ọjọ́ ìbúra sì ń sún mọ́lé, kálukú ló sì máa fẹnu ara rẹ̀ búra. Alága wá sílé wa, ó jókòó, ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ búra ńkọ́?" Ìgbà yẹn ni ẹ̀yin ará ìjọ gbààwẹ̀ nítorí mi. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run ò ní fi yín sílẹ̀.

Láràárọ̀ ni mo máa ń lọ kúnlẹ̀ kí Màmá ní yàrá wọn. Màá mi ètè, wọ́n á sì máa wúre fún mi bí ẹni pé wọ́n gbọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mi ò tiẹ̀ rò ó, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Ó jáde! Ó ń ha bí rédíò àtijọ́, àmọ́ ó jáde! Màmá ti ń wúre lọ, wọ́n dúró lójijì. "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Màmá ké! Ọkọ mi sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ń kán lára rẹ̀. Mo kí i. Mo kí Bọ́lá. Mo jáde, mo kí aládùúgbò, mo kí ewúrẹ́ aládùúgbò. Ọkọ mi ń sáré tẹ̀ lé mi: "Rọra o, dókítà ní díẹ̀díẹ̀!"

A lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n pe orúkọ mi. Mo dìde, mo gbé Bíbélì sókè, mo búra. Ohùn náà tínrín, ó sì fẹ́ já níbì kan, àmọ́ mo kà á dópin, gbogbo ilé sì gbọ́. Ìyá Ṣẹ́gun, tó jókòó láàárín àwọn àlejò, fò dìde: "Ó sọ ọ́! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́!" Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kó jókòó. Kò jókòó!

Mo dúpẹ́, Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ní ilé aṣòfin, ọ̀rọ̀ ṣókí ni mò ń sọ báyìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Wọn ò tíì mọ̀ mí!

Ìwọ tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń sọ ohun tí o kò ṣe mọ́ ọ, tí o kò sì rí ọ̀rọ̀ fi ṣàlàyé ara rẹ, má sọ̀rètí nù. Nígbà tí mi ò lóhùn, mo máa ń dá nìkan wà nínú yàrá, màá kúnlẹ̀, màá la ẹnu, kò ní sí ìró kankan. Mo máa ń rò pé àdúrà mi ò kọjá inú yàrá yẹn. Ó kọjá, ẹ̀yin ará. Ọlọ́run gbọ́ gbogbo rẹ̀.