Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ẹni Tó Ta Lẹ́ńsì fún Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo ba orúkọ ọmọkùnrin kan tí kò ṣẹ̀ mí jẹ́. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi pa ẹnu mọ́. Ní Sátidé yìí, ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán fẹ́ kí n dìde níwájú gbogbo ènìyàn, kí n tún ẹ̀sùn tí mo fi kàn án sọ, kí wọ́n má baà gbà á sínú ẹgbẹ́. N kò lè tún un sọ.

Obìnrin ayàwòrán ni mí. Òkè-Ìlewó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Abẹ́òkúta. Mo kàwé dé yunifásítì, mo sì mọ bí a ṣe ń kọ ẹ̀sùn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ mí, mo máa ń to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní ení, èjì, ẹ̀ta. Lónìí, tèmi ni mo fẹ́ tò.

Ìdílé oníṣòwò kan ní Kémta, Mùsùlùmí ni wọ́n, ní kí n wá ya ìyá wọn àgbà pẹ̀lú gbogbo ọmọ, ìyàwó ilé àti ọmọ ọmọ. Alhájà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní òun kò ní lọ sí gbọ̀ngàn kankan. Àgbàlá agbo ilé ni kí a ti ya fótò náà, níbi tí wọ́n sin ọkọ òun sí. Ó fẹ́ kí gbogbo ilé yí sàréè náà ká. Ẹni tí kò bá sí nínú fótò, ó ní olúwarẹ̀ ti yọ ara rẹ̀ nínú ilé nìyẹn.

Mo lọ wo ibẹ̀. Àgbàlá náà há. Bí mo tilẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, lẹ́ńsì tí mo ní kò lè kó ju ìdajì wọn lọ. Èyí tí a ń pè ní fíṣáì ló lè kó wọn tán, nítorí ó ń ríran fẹ̀ bí ojú ẹja, àfi pé ó máa ń jẹ́ kí ògiri tẹ̀ létí fótò. Owó èyí tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kọjá agbára mi. Mo wá ń wá mánúà, tí a ń fi ọwọ́ yí òrùka ara rẹ̀ kí àwòrán tó mọ́ gaara.

Wọ́n júwe Mùfútáù fún mi. Ó ń ta lẹ́ńsì àlòkù ní Òṣíẹ̀lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ayàwòrán ni oníbàárà rẹ̀. Mo nawọ́ mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lórí tábìlì. Ó gbà á padà lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí, èyí kì í ṣe tiyín. Kámẹ́rà kékeré ni wọ́n ṣe é fún, kámẹ́rà ńlá, fúù-fúrémù, lẹ sì gbé wá. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fótò yín ló máa dúdú bí ìdí ìkòkò."

"Ṣé o ò fẹ́ tajà ni?"

"Mo fẹ́ tà. N ò fẹ́ kẹ́ ẹ padà wá bú mi ni."

Ó mú òmíràn jáde, èyí tó bá kámẹ́rà mi mu. Ó ní, "Ọwọ́ yín ni ojú èyí o. Tẹ́ ẹ bá fi ya nǹkan tó sún mọ́ yín, ẹ yí òrùka yìí padà kẹ́ ẹ tó ya èèyàn. Kámẹ́rà ò ní kìlọ̀ fún yín." Ó tún un sọ. Mo ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní fótò?" Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n tò bí oníkálùkù ṣe wọ ilé. Ìyàwó tó pẹ́ jù ló sún mọ́ Alhájà, èyí tó dé kẹ́yìn ló wà létí. Ìyàwó kan ta ẹnìkejì rẹ̀ nígbọ̀nwọ́: "Ojú mi báyìí lo ṣe wọlé yìí. Sún." Ìyẹn ní, "Ẹ̀yin ìyálé mi, ẹ jẹ́ ká ya fótò ná, ká tó máa ka ọdún." Alhájà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí ẹ ò bá dákẹ́, ọmọ ọwọ́ ni màá fi ṣáájú yín."

Kí n tó ya wọn, Alhájà ní kí n kọ́kọ́ ya orúkọ ọkọ òun tí wọ́n kọ sára sàréè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yí òrùka dé ibi tó sún mọ́ jù, mo yà á. Mo dìde, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ya gbogbo ilé. N kò yí òrùka padà. Oòrùn kò jẹ́ kí n rí fótò lójú kámẹ́rà dáadáa, n kò sì sún ẹyọ fótò kan ṣoṣo mọ́ra wò.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ara sàréè mọ́ gaara. Àwọn ènìyàn dà bí ẹni tí a ń wò láti inú omijé. Ojú Alhájà kò hàn nínú ìkankan.

Àkọ́bí rẹ̀ pè mí. Mo ní lẹ́ńsì ló bàjẹ́, pé ẹni tó tà á fún mi ló lù mí ní jìbìtì. Kí n má tún parọ́: mo ti mọ̀ nígbà náà. Orúkọ ara sàréè tó mọ́ yẹn ti sọ fún mi pé kò sí ohun tó ṣe lẹ́ńsì.

Síbẹ̀ mo jókòó, mo kọ ẹ̀sùn mẹ́fà sí gúrúùpù àwa ayàwòrán lórí fóònù. Mo ní ó mọ̀ pé ọjà náà ti bàjẹ́. Mo ní kò ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Mo fi fótò rẹ̀ sí i. Inú ṣì ń bí mi sí àwọn tó wà níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó máa bú u. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fún wọn lẹ́nu.

Mùfútáù kọ̀wé sí mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá kí n wò ó. Ṣé ẹ yí òrùka yẹn?" Mo dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Mo rò pé a ó tún fótò náà yà. Àwọn ọmọ ti tú ká. Kò pé oṣù mẹ́rin tí Alhájà fi kú. Níbi àdúrà fídáù rẹ̀, àkọ́bí dìde, ó ní, "Ẹni tó jẹ́ ká pàdánù àwòrán ìyá wa, a fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Mùfútáù ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì. Páúṣì fóònù ló ń tà báyìí létí títì. Ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa kí àwọn ayàwòrán lè tún máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí.

Màá sọ òtítọ́ ní Sátidé. Ìyẹn ti dá mi lójú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kó parí síbẹ̀, kí n má ṣe lọ sí Kémta. Ó ní òkú kì í wo fótò. Ṣùgbọ́n Iléyá tó kọjá, àkọ́bí Alhájà gbé ẹran wá fún mi. Ó ní mo bá wọn jìyà ọ̀rọ̀ fótò náà. Mo gbà á, mo sè é, mo jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó pé. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún: ẹni tí mo já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀, tàbí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi?