Lẹ́tà Àbúrò Mi Tí Mo Fà Ya

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọkọ mi pàápàá kú láì gbọ́ ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wúrà ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Ìdógùn ló ń gbé, àgbẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí a wà lọ́mọge, bàbá wa ní fídíò kan tí ọ̀rẹ́ wọn mú bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn aláwọ̀ dúdú olórin sóòlù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń kọrin nínú rẹ̀ níwájú èrò rẹpẹtẹ. Wúrà mọ gbogbo orin náà lórí. Tó bá ń bá wọn kọ ọ́, àwọn aládùúgbò á wá dúró lẹ́bàá fèrèsé wa.

Ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ orin kan n'Ìbàdàn, ó fi kásẹ́ẹ̀tì ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì mi ló lò. Nígbà tí èsì dé, èmi ni mo já a. Wọ́n gbà á. Wọ́n ní kó máa bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Bàbá wa ti kú nígbà náà, rọpárọsẹ̀ sì ti dá màmá wa dùbúlẹ̀. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, Àkúrẹ́ la sì fẹ́ máa gbé. Bí Wúrà bá lọ, èmi ni màá jókòó ti Màmá. Mo fa lẹ́tà náà ya, mo jù ú sínú ṣáláńgá ẹ̀yìn ọ́fíìsì. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo ń ṣiṣẹ́ mi lọ.

Oṣù mẹ́ta ló fi ń bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé wọn ò tíì kọ̀wé?" Mo ní wọn ò kọ. Nígbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Kò kọrin mọ́ náà, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú Màmá kí wọ́n tó kú.

Tóyìn, ọmọ Wúrà obìnrin, ló ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Òun ló rí fíìmù inú fídíò bàbá wa yẹn lórí fóònù, tó gbé e sórí tẹlifíṣàn fún ìyá rẹ̀ tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú náà. Wúrà kàn ń wo ẹnu àwọn olórin náà. Tóyìn bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn kọrin. Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́ orin. Mo ti gba fọ́ọ̀mù."

Wúrà ní, "Rárá. Mo gbìyànjú ẹ̀ rí. Wọn ò tiẹ̀ kà mí sí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Àǹtí mi, ṣebí ojú yín ló ṣe?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo dìde, mo lọ bu oúnjẹ. Mo fi ẹran méjì sí ti Wúrà. A jẹun, fíìmù ń lọ. Mi ò sunkún, àyà mi ò já. Gbogbo ara mi kàn dà bí apá téèyàn sùn lé.

Kí Wúrà tó lọ, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ohun tí mo bá wí ni òun máa gbà.

Ó rọrùn fún mi láti ní kó jẹ́ kí ọmọ lọ, kí n sì pa ẹnu mi mọ́ lórí ìyókù. Tóyìn á lọ, wọ́n á tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àbí kí n jẹ́wọ́, kí n pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tó kù mí kù?

Ọ̀la ni ọjọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù náà kẹ́yìn. Mo ti tẹ nọ́ńbà Wúrà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mo sì pa á kó tó dún. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá gbé e, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?