Òórùn Ràkíjà Lára Tihomir

Ljubinka, ọmọ mi, pa ilẹ̀kùn yẹn dé kí o jókòó. Fi omi tí ń kán sí mi lára yẹn sílẹ̀, ó ń kán dáadáa. Kíndìnrín mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ò tíì fẹ́ là á mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti ṣe nọ́ọ̀sì pẹ́ ju kí ẹnikẹ́ni máa fi irọ́ tù mí nínú. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé wọ ilẹ̀, nítorí bí mo bá gbé e lọ, ìyá rẹ ni yóò máa jìyà rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu, mi ò gbàgbé rí. Gbogbo ìlú yìí ló mọ̀ pé ọtí ló pa Tihomir bàbá rẹ ní wọ́ọ̀dù yìí, wọ́n sì mọ̀ pé Stamena ìyá rẹ ló gbé ọtí náà wọlé. Ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí o kò fi jẹun nílé rẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi Radojka, èmi ni mo pa bàbá rẹ.

Àárín ààwẹ̀ Kérésìmesì ni, tí a kì í jẹ ẹran, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ẹni mímọ́ ilé wa, Nikola Mímọ́. Àlejò ń bọ̀ nílé mi, ẹja wà nínú ààrò, ara mi nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù. Òtútù àyà ló gbé bàbá rẹ wá, ibà ń ṣe é, àtọ̀gbẹ sì ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gún un ní ìnsúlínì, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, bí a ti máa ń ṣe. Ìgbà tí oúnjẹ máa dé, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, wọ́n sè é mọ́ kábéèjì. Bàbá rẹ wo àwo náà, ó wò mí. Ó ní, "Sístà, ẹlẹ́dẹ̀ nínú ààwẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí Nikola Mímọ́ tì mí síta lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó jẹ búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rá ti kàn án." Ó ti àwo náà sẹ́yìn. Mo ní kó fara balẹ̀, mo ń bọ̀ wá bá a wá ẹ̀wà. Mo jáde, mo lọ pe ilé lórí fóònù nítorí ẹja tó wà nínú ààrò, bí mo ṣe gbàgbé ẹ̀wà nìyẹn. Ìnsúlínì wà lára ọkùnrin yẹn, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ìnsúlínì ọ̀hún máa bá ṣiṣẹ́. Ọmọ iléèwé nọ́ọ̀sì tó kéré jù lọ mọ ibi tí ìyẹn máa ń já sí. Èmi ni mo sì ń kọ́ wọn.

Ìyá rẹ wá kí i. Ó mú ìgò ràkíjà kékeré, ọtí líle tí a ń fi èso pọn, jáde nínú àpò, ó fi ra àyà àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kí ibà náà lè rọlẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀ tó ti rẹ sínú ọtí. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe fún mi, bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì ṣe fún àwọn ọmọ mi. Ó kó ìgò rẹ̀, ó lọ bá bọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí Zorka, nọ́ọ̀sì tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, fi pè mí. Ó ní, "Radojka, wá wo Tihomir o, ó ń sọ ìsọkúsọ." Mo bá a tó ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ń ti ọwọ́ mi dànù. Mo tẹ̀ síwájú, òórùn ràkíjà sì gbá mi nímú. O mọ̀ pé bàbá rẹ ti mutí rí kó tó fi í sílẹ̀. Mo ní, "Ìwọ àgbàyà yìí, o ò jẹ ẹran nínú ààwẹ̀, ọtí lo wá ń mu." Zorka ní, "Ṣé ká gún ìka rẹ̀ wo ṣúgà rẹ̀?" Mo ní, "Kí la fẹ́ gún? Imú mi ti gún un." Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọtí dá lójú rẹ̀. Mo lọ wọ kóòtù mi.

Kóòtù ọ̀hún wà lọ́rùn mi nígbà tí Zorka tún pariwo. Bàbá rẹ kò dáhùn mọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá gún ìka rẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé ibi tí mi ò rí i dé rí lára alààyè. Mo fa glúkóòsì sí i níṣan, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí dókítà wọlé, mo ti sọ ẹ̀rọ tí mo fi wò ó sínú àpò kóòtù. Mo ní, "Ó mutí, Dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé e wá fún un." Gbogbo yàrá ń rùn fún ràkíjà, kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Zorka fà mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "O mọ̀ pé irọ́ lo pa." Mo ní, "Ìwọ náà wà níbẹ̀. Bí mo bá rì, a jọ rì ni." Ó dákẹ́ títí a fi sin òun náà.

Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ìyá rẹ padà dé, ó dì mọ́ apá mi. Ó ní, "Sístà, àyà àti ẹsẹ̀ nìkan ni mo fi ra, mo fi Ọlọ́run búra, kò kan ẹnu rẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi mí pé, "Àbí ó lè gba ara wọlé pa á ni?" Lójú mi nígbà yẹn, Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi mi. Mo wo obìnrin náà lójú kòró, mo ní, "Ó lè gba ara wọlé." Ó wó lulẹ̀. Níbi ìsìnkú, mo rí ọ tí o gba àlìkámà sísè tí a ń jẹ ní ìrántí òkú lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, tí o kọ èyí tí ìyá rẹ bù fún ọ. Mo dúró níbẹ̀, mo ń jẹ tèmi.

O ti yọ ọwọ́ rẹ kúrò lọ́wọ́ mi. O ṣe é re. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Ìwọ tí o wọ aṣọ nọ́ọ̀sì yìí, bí aláìsàn bá ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí, gún ìka rẹ̀ wò kí imú rẹ tó dá a lẹ́jọ́. Sọ ọ́ fún àwọn tó kéré sí ọ, kí o sì dárúkọ mi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bá ìyá rẹ, bọ́ọ̀sì ọ̀sán kò tíì lọ. Sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣì kù tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní Zorka pàápàá. Nígbà tí mo ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ó di apá aṣọ mi mú. Èmi kọ́ ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Stamena, ebi ń pa mí." Mo gbọ́ ọ ketekete, mo sì ní kó sùn. Dìde, ọmọ mi, lọ sọ fún un.