Àádọ́ta Ìṣẹ́jú Láti Ìlọrin Dé Èkó

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Láti Ọ̀sí dé Ìlọ́fà, mọ́tò kì í rìn tó wákàtí kan, síbẹ̀ ó di ọdún mẹ́fà tí n kò lè rin ìrìn náà. Ilé bàbá ìyàwó mi ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi náà wà, èmi ni mo sì lé e lọ. Owú ni mo jẹ, ìṣirò ni mo fi jẹ ẹ́.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó jókòó ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà. Àgbẹ̀ oníṣu ni mí, mo jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, n kì í sì í fi àyè gba irọ́. Nígbà tí mo mọ̀wé tán, mo rò pé kò sí ohun tó tún lè pa mọ́ fún mi.

Nígbà náà ni ìyàwó àbúrò Ìyá Ṣọlá, aya mi, bímọ ní Èkó. Wọ́n ní kí aya mi wá bá àwọn wẹ ọmọ, wọ́n sì fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́. Oṣù méjì ló lò. Nígbà tó dé, ó ń fi ìdùnnú ròyìn ohun gbogbo, títí kan pé òun pàdé Tísà ní pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, ó sì ra búrẹ́dì fún òun. Tísà yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ kí n tó gbé e níyàwó! Inú mi gbóná bí ààrò.

Kò pẹ́ ni lẹ́tà ìdúpẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Òun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo dá kà láyé mi. Ó kọ ọ́ pé ilẹ̀ ti ń ṣú kí ẹ̀gbọ́n òun tó wọlé lọ́jọ́ tó dé Èkó, pé ọkàn àwọn ti ń dàrú. Mo tú àpótí rẹ̀, mo rí ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni bàálù yóò gbéra, àádọ́ta ìṣẹ́jú ni yóò lò. Mo mú pẹ́ńsù, mo yọ ọ́ kúrò nínú àsìkò tí ilẹ̀ ń ṣú. Wákàtí mẹ́jọ ṣẹ́kù. Ta ló bá a lò ó?

Ó ní orí bẹ́ńṣì ni àwọn wà ní Ìlọrin títí di ìrọ̀lẹ́, bàálù kò tètè dé, kí n lọ bi Tísà. N kò bi í. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo pè é síwájú àwọn alàgbà, mo ka ìṣirò mi bí ẹni ń ka Bíbélì, mo ní ìwé kì í purọ́. Aya mi dìde.

"Bàbá Ṣọlá," ó ní, "èmi ni mo wọ bàálù. Ìṣirò yín kò wọ̀ ọ́."

Ọjọ́ náà ló di ẹrù rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Ṣọlá ọmọ wa ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi náà kí n lọ tọ́jú ojú mi ní Èkó. Aago mẹ́wàá kan náà ni wọ́n kọ sí i. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Aago méjìlá lù, mẹ́ta lù. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí bu búrẹ́dì rẹ̀ fún mi, mo sì rántí búrẹ́dì Tísà. Oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó gbéra. Àádọ́ta ìṣẹ́jú náà ló lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń kọ jíjókòó sórí bẹ́ńṣì sínú tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin tí ẹ ka ara yín sí olódodo bíi tèmi, ẹ béèrè kí ẹ tó yọ iye. Kí ni kí n sọ bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà wọn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọ mọ́tò Ìlọ́fà. Odò-Ọ̀wà, kí a tó dé Ìlọ́fà, ni mo máa ń sọ̀ sí, tí n ó fi ẹsẹ̀ rìn padà wálé.