Ẹsẹ̀ Mi Ló Purọ́ Lórí Bíréèkì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́ fún ọ̀rẹ́ mi, oúnjẹ kò sì lọ lẹ́nu mi mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún pa irọ́ mìíràn lé ti àkọ́kọ́ lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ríwáyà ni mí ní Èjìgbò, iná mọ́tò ni mò ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Masifa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹnì kan kò lè dá iná bíréèkì yẹ̀ wò dáadáa. Ẹnì kan á jókòó sínú mọ́tò, á máa tẹ bíréèkì, ẹnì kejì á dúró lẹ́yìn, á máa wo iná. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ló ti ń ta omi tútù àti bisikíìtì. Nígbà tó yá, ó kó àwọn ọmọ, ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣòwò ní Àbíjàn. Ó ní kí n máa bọ̀, mi ò lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń kọjá ni mo máa ń bẹ̀ kó bá mi tẹ bíréèkì.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni bàbá kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Àbíjàn ni òun náà ti dé, ó wá kí àwọn ẹbí rẹ̀. Iná bíréèkì rẹ̀ kò tàn. Mọ́sálásí ló ń lọ, ó ti wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ tó ń dán. Ó ń sọ pé, "Fíìtì, fíìtì, ọmọ mi," bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lọ́hùn-ún bí wọ́n bá fẹ́ kéèyàn ṣe kíá.

Mo wo gílóòbù, kò jó. Mo wo fíùsì, ó dáa. Ó wá ku súwíìṣì kékeré tó wà lókè bíréèkì, èyí tó máa ń jẹ́ kí iná tàn béèyàn bá ti fẹsẹ̀ kàn án. Mo fi tẹ́sítà kan wáyà rẹ̀, mo fọwọ́ rọra tẹ bíréèkì náà. Kò tàn. Mo tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ó tàn. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí bàbá bá kàn rọra tẹ bíréèkì, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí iná kankan.

Mi ò ní irú súwíìṣì náà nílẹ̀, Òṣogbo ni mo ti máa rí i rà. Mo ṣì lè rọra yí i títí á fi ṣeé lò díẹ̀, ṣùgbọ́n mo nílò ẹni tó máa jókòó tẹ bíréèkì. Gbogbo àdúgbò ti lọ sí Jímọ̀. Bàbá yìí nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Òróró ẹ́ńjìnnì ti kún ọwọ́ mi, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni mo sì ti máa ṣiṣẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àgbàlagbà tó wọ aṣọ funfun pé, "Ẹ wọlé, ẹ máa tẹ bíréèkì fún mi"? Ojú tì mí.

Mo wá fi pákó kan há bíréèkì náà kanlẹ̀, mo ní kí bàbá wá wo ẹ̀yìn. Iná pọ́n yòò. Bàbá ṣàdúrà fún mi. Mo yọ pákó, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá di Mọ́ńdè, màá pè é padà. Mi ò sọ nǹkan kan fún un.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, ewúrẹ́ já sójú títì lọ́nà Masifa. Bàbá rọra tẹ bíréèkì. Múfútàù ọlọ́kadà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọlù ú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti orúnkún.

Múfútàù sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé iná kò tàn. Bàbá ní ó tàn, àná ni ríwáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe. Wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí kí n wá yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo èèyàn. Mo jókòó sínú mọ́tò, ọlọ́pàá kan dúró lẹ́yìn. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́!" Gbogbo agbára mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Ọlọ́pàá náà ní, "Ó tàn." Mi ò la ẹnu mi rárá. Ẹsẹ̀ mi ló bá mi purọ́.

Nígbà tí wọ́n dá mọ́tò náà padà fún bàbá, tó sì tún gbé e wá sọ́dọ̀ mi, mo pààrọ̀ súwíìṣì náà, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ògbólógbòó rẹ̀ ṣì wà nínú agolo mílíìkì tí mò ń kó nọ́ọ̀tì àti bóòtù sí.

Bó ṣe pẹ́ díẹ̀, Múfútàù fúnra rẹ̀ gbà pé ojú òun ni kò ríran dáadáa. Ó fi ọ̀pá ìtìlẹ́yìn tilẹ̀ lọ bẹ bàbá náà pé kó má bínú. Bó bá rí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á na kùkùté ẹsẹ̀ náà sí wọn, á ní, "Ẹ wò ó o, ìwàkuwà ọ̀kadà ló fà á." Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, mo máa ń wọ abẹ́ mọ́tò lọ.

Kò fẹ́ máa jókòó sílé, ló bá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó rí i bí mo ṣe ń bẹ àwọn tó ń kọjá, ó ní, "Ṣebí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì? Mo ṣì ní ìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rín in. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Inú abọ́ kan náà la ti ń jẹun. Bí ìyàwó mi bá pè láti Àbíjàn, Faransé làwọn ọmọ ń sọ sí mi, mi ò gbọ́. Múfútàù nìkan ló kù tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ bó ṣe rí kéèyàn wà pẹ̀lú ẹnì kan látàárọ̀ dalẹ́, kó sì tún dá wà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé mọ́tò kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Múfútàù rọra tẹ bíréèkì, mo ní kò tàn. Ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, mo ní ó tàn. Èmi kọ́ ni mo ní kó tún un ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló tún rọra tẹ̀ ẹ́, ló tún tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Ó wá yọrí láti ojú fèrèsé.

"Ṣé mọ́tò bàbá ọjọ́sí ò lè jẹ́ báyìí?"

Mo ní, "Rárá o. Ṣebí èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò."

Kò tíì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́wọ́, á mọ̀ pé ojú òun ò ṣe òun nǹkan kan, pé kò yẹ kí òun bẹ ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní wá mọ́, ṣọ́ọ̀bù á sì ku èmi nìkan. Mo gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ti ara mi ni mo ṣì ń rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Ẹ̀yìn mọ́tò oníbàárà kan ni mo dúró sí tí mo ti ń kọ èyí lórí fóònù. Múfútàù ti jókòó síwájú, ó ti gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí ni, ó ní, "Ríwáyà, ṣé kí n rọra tẹ̀ ẹ́, àbí kí n tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?