Ìkíni Tí Mo Fi Ṣi Aládùúgbò Mi Lọ́nà

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà láyà mi tí ó ti ń wúwo sí i láti ìgbà ìdìbò tí ó kọjá. N kò sọ ọ́ fún àlùfáà, n kò sì sọ ọ́ fún ọmọ mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé obìnrin kan ti kúrò nílé aya rẹ̀ nítorí irọ́ tí mo pa, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ pé irọ́ ni, àfi èmi.

Àgbàlagbà ni mí. Mo kọ́ni ní èdè Yorùbá àti lítíréṣọ̀ ní Ìbàdàn kí n tó wá tọrọ ààbò ní Dublin, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń bọ̀. Ní Tallaght, níbi tí mo ń gbé, Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Bí tọkọtaya bá jà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ wá. Bí ìwé bá ti ọ́fíìsì ìjọba dé tí kò yé ènìyàn, èmi ni mo ń tú u fún un. Ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ èyí láti yin ara mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí mo rò pé wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Meera ni n ó pe ẹni tí mo ṣẹ̀. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Íńdíà ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oògùn ní Grange Castle ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin bíi tirẹ̀ ni ó fẹ́, ọmọ Dublin tí n ó pè ní Orla, tí ó ń wa bọ́ọ̀sì. Òfin ilẹ̀ yìí ni ó so wọ́n pọ̀. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé wọn àti tèmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé, Meera wá kí mi. Kí n tó ní kí ó jókòó, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ó sì gbé ọwọ́ náà lé orí ara rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé àwọn nìyẹn. Àwọn ọmọ-ọmọ tèmi, orí àga ni wọ́n ti ń juwọ́ sí mi: "Héyà, Gíráńní!" Mo wí nínú ọkàn mi pé wọ́n kọ́ ọmọ yìí nílé.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Ìgbéyàwó wọn kò bá ohun tí wọ́n fi tọ́ mi mu, mo sì sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ìyá mi sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí ó pè mí tí kì í béèrè bóyá Orla ti jẹun." Báyìí ni a ṣe di ọ̀rẹ́. A máa ń mu tíì tí ó fi atalẹ̀ sè ní ilé ìdáná mi, a ó sì máa sọ̀rọ̀ ìlú.

Ọ̀rọ̀ ìlú a máa ká a lára. Ó ní nílé àwọn, òfin kò pe irú àwọn ní ọ̀daràn mọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ka ìgbéyàwó wọn sí. Ó ní òun ti rí bí àwọn olóṣèlú ṣe ń fi ẹ̀sìn pín ará ìlú, ẹ̀rù sì ń ba òun nítorí àwọn tí wọ́n ń gbé àsíá kiri níbí pé kí àlejò máa lọ. Èmi ni mo wá sọ fún un pé: "Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn ìlú, tí ó ń wa ọkọ̀ ìlú, tí ó ń gbálẹ̀ ìlú, ó yẹ kí ó dá sí ọ̀rọ̀ ìlú." Mo ń da tíì lọ́wọ́ ni mo sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí Meera jáde láti du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìpàdé àdúgbò wa, ó dìde, ó sì sọ gbólóhùn mi yẹn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí. Ó tọ́ka sí mi, ó ní ìyá kan ní òpópónà àwọn ni ó kọ́ òun. Wọ́n yíjú wò mí díẹ̀, wọ́n sì yíjú padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ìwé bá ti ọ́fíìsì dé, wọn a ní, "Ẹ jẹ́ ká bi Meera." Àwọn tí mo sọ ọmọ wọn lórúkọ ń gba iwájú ilé mi kọjá lọ kan ilẹ̀kùn tirẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú ògiri.

Ohun mìíràn wà tí ó ṣòro fún mi láti kọ. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé, mo sì rí wọn nínú ọgbà tiwọn. Meera jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Orla ń fi òróró àgbọn pa á lórí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bi í bí ibi iṣẹ́ ṣe rí. Èmi àti olóògbé ọkọ mi gbé pọ̀ títí ikú fi yà wá. Ọmọlúàbí ni. Kò lù mí rí. Ṣùgbọ́n kò bi mí rí bí ibi iṣẹ́ ṣe rí. Mo dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, inú sì bí mi sí obìnrin méjì tí wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà ni mo ń bọ̀.

Àwa àgbà Yorùbá ládùúgbò yìí ní ẹgbẹ́ kan. Olórí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, gbà pé kí Meera wá bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn kan kùn nítorí ìgbéyàwó rẹ̀. Bàbá dá wọn lóhùn: "Èmi kọ́ ni mo fẹ́ ìyàwó fún un. Ṣé ó máa bá wa wá nǹkan ṣe sí bọ́ọ̀sì tí kì í dé yìí, àbí kò ní í ṣe é?" A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú pàápàá lè dìbò ìbílẹ̀ níbí. Gbogbo wa mọ̀ pé ìbò wa tó láti gbé e wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìpàdé, Meera wá bá mi. "Màmá, báwo ni kí n ṣe kí wọn? Ṣé kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn bí mo ṣe fi kan tiyín, àbí kí n kúnlẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ èsì tí ó yẹ. Bí àjèjì bá wọlé tí ó kúnlẹ̀ fún àgbà wa, kò ní í tíì dìde tí a ó ti di tirẹ̀.

Mo ní, "Rárá o. Wọ́n á rò pé o ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Dúró ṣánṣán, na ọwọ́ sí Bàbá, kí o sì pè wọ́n ní orúkọ wọn gan-an. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí ni wọ́n fẹ́."

"Ó dá yín lójú, Màmá?"

"Ta ni ó mọ̀ wọ́n jù mí lọ?"

Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé, ó lọ tààrà síwájú Bàbá, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó na ọwọ́ sí wọn, ó sì fi orúkọ àbísọ tí mo sọ fún un pè wọ́n, orúkọ tí ìyàwó wọn pàápàá kò pè rí. Orla, tí ó tẹ̀lé e, wo ohun tí ó ṣe, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ náà.

Bàbá wo ọwọ́ méjèèjì. Wọn kò gba ìkankan.

Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin wa, fi Yorùbá sọ ọ́: "Ẹ gbà mí! Ṣé wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni?"

Ẹnìkan fèsì láti ẹ̀yìn: "Bóyá owó ọkọ̀ ló ń gbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìbínú ni. Ìyá Ẹgbẹ́ kọjú sí mi. "Màmá Tíṣà, ṣebí aládùúgbò yín nìyí? Ṣé wọn kì í kí àgbà nílé wọn ni?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún un ṣe. Ohun tí mo sọ ni pé: "Ẹ forí jì í. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ nílé."

Meera kò gbọ́ Yorùbá. Ó rí i pé mo ń sọ̀rọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó rò pé mo ń gbè é lẹ́yìn ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà níbẹ̀. Èmi gan-an ni mo tẹ orí ọmọ náà wọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá ní, "Ẹni tí kò lè kí mi, kò lè gbẹnu sọ fún mi." Àwọn ènìyàn wa kò dìbò fún un. Ìbò díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi borí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà fún Meera. Ohun tí òun rò ni pé Orla ni ojú wọn kò gbà. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ rí bí ojú wọn ṣe yí padà nígbà tí ìyàwó mi súnmọ́ wọn?" N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. N kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo da tíì sí ife rẹ̀.

Meera ti ń múra láti tún jáde du ipò báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, Orla nìkan kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé báàgì ńlá lọ́wọ́. Ó ń lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Dún Laoghaire títí ìdìbò yóò fi kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Meera. Meera ni ó bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni, Màmá, pé àwọn ènìyàn yín kò fẹ́ rí ojú mi?"

Mo ní kí ó wọlé wá jókòó. Ó ní rárá, òun wà "grand", bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ níbí nígbà tí nǹkan kò dára rárá. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta mí nù nítorí èyí tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí ó yí kọ́nà lọ, inú mi dùn. Mo ní, ó di àwa méjèèjì tí a ń dá gbé báyìí, èmi àti Meera. Ìdùnnú náà kò pẹ́. Mo gbọ́ Meera láti inú ògiri, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. N kò gbọ́ èdè wọn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ Orla, mo sì gbọ́ ẹkún.

N kò fẹ́ purọ́ fún yín pé ìlara náà ti kú. Bí mo bá sọ òótọ́, Orla yóò padà wálé. Bàbá yóò gba Meera mọ́ra. Bóyá yóò wọlé, gbogbo àdúgbò yóò sì máa yọ̀ lápá kejì ògiri mi, kò sì ní í sí ẹni tí yóò tún pè mí ní Màmá Tíṣà láì ronú sí ohun tí mo ṣe.

Àwọn àgbà yóò pàdé ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ jù mí lọ, ilẹ̀kùn ta ni kí n kọ́kọ́ kàn? Ṣé ti Meera tí ó fọkàn tán mi ni, tàbí ti Bàbá tí mo fi ọ̀wọ̀ wọn ṣeré, àbí kí n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dún Laoghaire, kí n sọ fún Orla pé kì í ṣe ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́, mo sì ti mọ irú ọkàn tí ó jẹ́.